Òwúrọ̀ Ìgbà Ìwọ́wé Lórí Òkè Shenandoah

 

Bí ẹ bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ní Maryland, ní Virginia tàbí ní Washington tó jẹ́ olú-ìlú Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí fọ́tò ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ti bọ́ sórí fóònù yín rí. Bàbá dé fìlà òtútù, ìyá wọ súwẹ́tà, ó sì tún wé gèlè nítorí pé ìyá ni, àwọn ọmọ ń ṣẹ́jú nínú oòrùn, àwọn igi tó wà lẹ́yìn wọn sì pọ́n ròdòdò. Inú oṣù October ni wọ́n máa ń ya fọ́tò bẹ́ẹ̀. Etí ọ̀nà kan tó gba orí òkè lọ gbọọrọ ni wọ́n sì máa ń dúró sí, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Skyline Drive, nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Shenandoah, ní ìpínlẹ̀ Virginia.

Máìlì 105 ni ọ̀nà náà. Orí òkè Blue Ridge gan-an ni wọ́n là á gbà, láti Front Royal ní àríwá títí dé Rockfish Gap ní gúúsù. Bí ẹ bá ń lọ sí gúúsù, àfonífojì odò Shenandoah wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín nísàlẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Virginia wà lọ́wọ́ òsì. Ibi tí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí onímọ́tò lè yà síbẹ̀ wòran lé ní 60. Ìjọba ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sáré ju máìlì 35 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, ọ̀nà márosẹ̀ I-81 wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kó lọ bá a.

Mo fẹ́ mú yín gba apá kan ọ̀nà yìí kọjá ní ìdájí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ibẹ̀ ló gbà pé igbó tí ọmọ aráyé ò fọwọ́ kàn rí ni. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe dá ayé kí ènìyàn tó bà á jẹ́. Ahoro ni wọ́n ń wò. Àwọn ènìyàn gbé ibẹ̀, wọ́n dáko níbẹ̀, wọ́n sìnkú síbẹ̀, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n kó wọn kúrò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbéra ná.

Láti Washington, a máa gba I-66 lọ sí ìwọ̀ oòrùn, a óò yà sí Warrenton, a óò gba ọ̀nà 211 dé Sperryville, ìlú kékeré tí wọ́n ti ń ta ápù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, á máa gun òkè, títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ní Thornton Gap. Ní àárín oṣù October, oòrùn kì í yọ lágbègbè yẹn títí aago méje ààbọ̀ yóò fi kù díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá kúrò nílé láago márùn-ún kò pẹ́ jù. Ẹ rọ epo sínú mọ́tò yín kí ẹ tó gun òkè. Ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé pé wọn ò ní rí yín pè fún ìgbà díẹ̀, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkè yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ọgbọ̀n dọ́là ni owó ẹnu ọ̀nà fún mọ́tò kan, ìwé rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méje. Owó yìí ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ ń gbé àdúgbò, tí wọ́n ti ń wa takisí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé kí n san ọgbọ̀n dọ́là, kí n tún jó epo lọ jó epo bọ̀, nítorí ewé tó fẹ́ já?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn bá mi ká lọ." Wọ́n ní, "Ewé tó ń já níwájú ilé mi, èmi ni mò ń gbá a. Kò sẹ́ni tó sanwó fún mi rí." Ṣùgbọ́n wọ́n wá. Wọ́n tilẹ̀ gbé fúláàsì tíì dání.

Bí ẹ bá ti wọlé ní Thornton Gap, tí ẹ yà sọ́wọ́ gúúsù, kò ní pẹ́ tí àpáta kan yóò fi dínà mọ́ yín. Inú rẹ̀ lẹ ó gbà. Ní 1932 ni wọ́n gbẹ́ ihò náà la òkè Marys Rock já, ó sì gùn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 670. Omi máa ń kán tó, tó, láti òkè ihò náà sórí gíláàsì mọ́tò, kódà bí òjò ò bá tiẹ̀ rọ̀. Ẹ tan iná. Bí ẹ bá jáde lódìkejì, ẹ ti wà lójú ibi tí oòrùn yóò gbà yọ.

Ibi ìwòran méjì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó kọjú sí ìlà oòrùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Hazel Mountain, ní máìlì 33, ni èmi fẹ́ràn, nítorí àpáta pẹlẹbẹ kan tí ènìyàn lè gùn níwájú rẹ̀. Ìràwọ̀ díẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí a débẹ̀. Ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run kọ́kọ́ pupa, àwọn òkè kéékèèké ìsàlẹ̀ sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà nítòsí dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e ní àwọ̀ aró, èyí tó jìnnà jù lọ ò yàtọ̀ sí ojú ọ̀run mọ́. Afẹ́fẹ́ tútù débi pé tíì inú ife ń rú èéfín bí ìkòkò àmàlà. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan nípa ọgbọ̀n dọ́là mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí n má tíì wakọ̀ lọ.

Àwọ̀ aró yẹn, igi ló ń ṣe é. Òun ni wọ́n sì wò tí wọ́n fi sọ òkè náà ní Blue Ridge. Àwọn igi, pàápàá àwọn óákù, ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde láti ara ewé wọn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní isoprene. Nígbà tó bá pò pọ̀ mọ́ àwọn afẹ́fẹ́ mìíràn lójú ọ̀run, á di eruku tín-ín-rín tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, òun ni ojú wa ń rí bí aró. Èéfín mọ́tò àti ti àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó ń jó èédú máa ń bá a dàpọ̀, tí yóò fi di funfun bàìbàì tó ń bo òkè mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ti dín èéfín èédú kù ni ojú ọ̀nà jíjìn ti túbọ̀ ń mọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn yọ tán, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta náà, mo sì rí ewé kan lórí ògiri òkúta etí ọ̀nà. Ewé igi black gum ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ìdajì rẹ̀ ti pọ́n, ìdajì ṣì tutù, iṣan àárín rẹ̀ ló sì ṣe ààlà láàárín méjèèjì. Ìrì ta sí i lára. Mo yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n tán pátá. Ibi tí ewé náà ti já kúrò lára ẹ̀ka dán bí ojú egbò tó ti jiná, kò sí oje, kò sí ibi tó ya.

Bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Ohun tó mú kí ewé ní àwọ̀ ewé, tó tún fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún igi, ìyẹn chlorophyll, kì í pẹ́ bàjẹ́. Igi gbọ́dọ̀ máa ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ooru. Nígbà tí ojúmọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, igi á mọ̀ pé ìgbà òtútù ń bọ̀, á dáwọ́ dúró, á sì máa fa ohun àmúsọrọ̀ tó wà nínú ewé padà sínú ara rẹ̀. Bí àwọ̀ ewé bá ti ṣá, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ewé ti rú á wá yọjú. Bí igi hickory àti igi tulip ṣe ń di aláwọ̀ ìyeyè nìyẹn. Pupa kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀. Ṣúgà tó há sínú ewé ni igi maple, sumac àti black gum fi ń ṣe é tuntun, ó sì máa ń pọ́n dáadáa bí oòrùn bá ń ràn lọ́sàn-án tí òtútù ń mú lóru láì tíì di yìnyín. Lákòókò kan náà, igi á ti dí ẹnu ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Bí ewé bá wá já, ojú egbò ti jiná kó tó já. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé ti rí irú rẹ̀ lára igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé ìwé, tí ewé rẹ̀ máa ń pọ́n kó tó já nígbà ọyẹ́. Igi kan ṣoṣo nìyẹn o. Ẹ wá fojú inú wo òkè tí gbogbo igi rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Òkè ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n nítorí òtútù orí òkè, àwọ̀ náà á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sínú àfonífojì. Nítorí náà ẹni tó bá débẹ̀ tó ní òun ti pẹ́ jù, kó bojú wo ìsàlẹ̀. Àwọn óákù ló sì pọ̀ jù nínú igbó yìí, wọn kì í kánjú. Nígbà tí maple bá ti wọ́wé tán ni wọ́n ń di pupa bí obì tó gbó, lẹ́yìn náà wọ́n á di bíráùn.

Láti Hazel Mountain, a wakọ̀ lọ sí ibi ìwòran Stony Man, ní máìlì 38 lé díẹ̀, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ìdí tí mo fi ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu pé kí wọ́n jí ní kùtùkùtù wà níbẹ̀. Ìlú Luray wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ilé, ilé ìjọsìn, oko àgbàdo àti màlúù. Láàárọ̀ yẹn, ẹ ò lè rí nǹkan kan nínú wọn. Kùrukùru funfun kún àfonífojì bámúbámú láti ẹsẹ̀ òkè yìí dé ẹsẹ̀ òkè Massanutten lódìkejì, orí Massanutten nìkan ló yọ síta. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Bí òru bá ti mọ́ tí kò sí ìjì, afẹ́fẹ́ tútù á ṣàn wálẹ̀ láti ara òkè, á lọ dùbúlẹ̀ sínú àfonífojì, èémí odò Shenandoah á sì di kùrukùru nínú rẹ̀. Nírú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ará Luray á jí, á wo ojú fèrèsé, á ní ojúmọ́ ò dára lónìí. Oòrùn sì ti ń yọ́ ìrì lórí òkè lókè orí rẹ̀. Bó bá fi máa di aago mẹ́wàá, kùrukùru ti tú ká. Àwọn tó sùn dọ́jọ́ ò ní rí i.

Ọ̀rọ̀ ìwakọ̀ díẹ̀. Nígbà míràn kùrukùru kì í dúró sísàlẹ̀, á gun òkè wá bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ má tan iná gíga sí i, ojú ara yín ni yóò dá ìmọ́lẹ̀ náà padà sí. Iná kúkúrú ló dára. Ewé tútù tó tẹ́ sójú ọ̀dà máa ń yọ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ lo jíà kékeré, ẹ má fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí yóò fi máa rùn. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àgbọ̀nrín. Ìgbà ìgùn wọn ni ìparí October bọ́ sí, akọ tó ń lé abo kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ mọ́tò. Bí ọ̀kan bá sọdá, ẹ dúró ná, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀nà náà ga jù ni Skyland, ẹsẹ̀ bàtà 3,680. Ilé ìgbàlejò ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ọgbà ò tíì sí. Ẹ lè ra kọfí níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ wọn sì mọ́, mo kí wọn. A kọjá.

Ní máìlì 51, igbó á ṣí lójijì, ẹ ó sì bọ́ sí pápá gbalasa kan tí wọ́n ń pè ní Big Meadows. Àgbọ̀nrín pọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á máa jẹko, wọn ò ní wo yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan jẹ, òfin lòdì sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn wọ̀nyí ì bá ti mọ̀ pé ó yẹ káwọn sá." Ibẹ̀ ni Ààrẹ Franklin Roosevelt dúró sí ní July 3, 1936, tó fi ọgbà náà lé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ẹni tó wà nípò ṣáájú rẹ̀, Herbert Hoover, ní àgọ́ ìsinmi kan létí odò Rapidan, nísàlẹ̀ pápá náà. Ahéré rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà ti Hoover náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí, ní 1931, lẹ́yìn ọ̀dá ńlá ọdún 1930 tó pa irè oko àwọn àgbẹ̀ Virginia. Iṣẹ́ ọ̀nà ni ìjọba fi gbà wọ́n. Apá tí a ń gbà yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, ní September 1934.

Àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń rí létí ọ̀nà. Roosevelt kó wọn jọ ní 1933 sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Civilian Conservation Corps. Ọgbọ̀n dọ́là lóṣù ni owó wọn, márùndínlọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ sì ń lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí wọn nílé. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ló la ọ̀nà gan-an. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló tẹ́ etí rẹ̀, tí wọ́n mọ ògiri òkúta, tí wọ́n gbin igi àti òdòdó sí ibi tí katakátá ti họ ara òkè. Ẹni tó bá wo etí ọ̀nà yẹn lónìí, tó sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyí, ó ti gbàgbé àwọn ọmọ yẹn.

Ó sì tún gbàgbé àwọn tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Pápá Big Meadows jẹ́ ibi ìjẹko màlúù. Àwọn àfonífojì kéékèèké tó wà lára òkè, tí wọ́n ń pè ní Nicholson, Corbin àti Weakley, kún fún àgbàdo, ápù, ilé oyin àti ilé onípákó. Ní 1926 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i kí ọgbà wà, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ ná kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀. Wọ́n ní kí Virginia wá ilẹ̀ náà fún àwọn. Ní 1928 Virginia ṣe òfin tó fún un lágbára láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà àti ẹni tí kò fẹ́. Ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ gba owó, àmọ́ kì í ṣe iye tó fẹ́. Ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ onílẹ̀, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ń dáko níbẹ̀, kò gba nǹkan kan. Ní 1934 ìjọba sọ pé gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ kúrò. Nǹkan bí ìdílé 500 ló kó ẹrù, ọgbà sì di ti ìjọba àpapọ̀ ní December 26, 1935. Wọ́n wó ilé, wọ́n sun òmíràn, kí àwọn tó ni ín má bàa padà wá. Àwọn arúgbó díẹ̀ ni wọ́n yọ̀ǹda fún láti parí ayé wọn níbẹ̀. Ìkẹyìn nínú wọn kú ní 1979.

Kí ìlé-kúrò náà lè rọrùn lójú ayé, wọ́n kọ̀wé nípa wọn. Ìwé kan tí wọ́n pè ní Hollow Folk jáde ní 1933, ó ṣàpèjúwe àwọn ará òkè wọ̀nyí bí ẹni tí ọ̀làjú ò dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọn ò mọ̀ nípa ayé tó wà lẹ́yìn òkè. A mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ nípa tiwa náà rí. Ní àwọn ọdún 1990, onímọ̀ nípa ìwalẹ̀ kan, Audrey Horning, lọ wa ilẹ̀ àwọn ahoro náà wò. Ó bá àwo tánganran tí wọ́n rà lọ́jà, ìgò oògùn, ohun ìṣeré ọmọdé, àti àfọ́kù rẹ́kọ́ọ̀dù giramafóònù. Ẹni tí ayé ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ra rẹ́kọ́ọ̀dù.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tí ẹ rìn wọ inú igbó díẹ̀, ẹ ó rí i fúnra yín. Nílé, pèrègún àti igi obì ló máa ń tú àṣírí ahoro. Níbí, igi ápù tí kò sẹ́ni tó gbìn ín lónìí ni, àti ààrò òkúta tó dá dúró, àti ọgbà òkúta tó la àárín igi óákù kọjá láì mọ ohun tó ń ṣọ́. Béárì ló ń jẹ ápù náà báyìí, kí wọ́n lè sanra de ìgbà òtútù. Ibi ìsìnkú ìdílé tó wà nínú ọgbà yìí lé ní 100. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń wá tọ́jú ibojì.

Kì í ṣe pé mo ní kí wọ́n tú ọgbà náà ká o. Igbó tó padà sórí òkè yẹn dára, ẹranko padà síbẹ̀, omi odò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹwà tí a ń lọ yà fọ́tò níwájú rẹ̀, àwọn kan ló san owó rẹ̀, owó náà sì ju ọgbọ̀n dọ́là lọ.

Ní máìlì 57 ààbọ̀, pátákó kékeré kan wà: Lewis Mountain. Àwọn mọ́tò kì í sábà yà síbẹ̀, torí kò sí ìran ńlá kan láti wò. Ẹ yà síbẹ̀. Nígbà tí ọgbà yìí bẹ̀rẹ̀, òfin Virginia pín ènìyàn dúdú àti funfun níyà, àwọn aláṣẹ ọgbà sì tẹ̀ lé àṣà yẹn. Ní 1939 wọ́n ṣí Lewis Mountain fún àwọn aláwọ̀ dúdú: ilé oúnjẹ, ilé ìsùn onípákó, ibi àgọ́, ibi ìjẹun abẹ́ igi. Pátákó rẹ̀ sì sọ ọ́ kedere pé ti àwọn Négírò ni. Skyland àti Big Meadows, funfun ló ń sùn síbẹ̀. Àwọn dúdú láti Washington àti Richmond máa ń wakọ̀ wá ní ọjọ́ ìsinmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, nítorí pé ní ọ̀nà jíjìn lásìkò yẹn, ibi tí dúdú ti lè sùn láìsí ẹni tí yóò lé e ṣọ̀wọ́n. Ní 1945 àṣẹ ti òkè wá pé kí wọ́n má ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́ nínú àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ó di 1950 kí ó tó fìdí múlẹ̀ pátápátá ní Shenandoah.

Àwọn ilé onípákó yẹn ṣì wà. Ẹnikẹ́ni lè háyà wọn. Ní ọjọ́ tí a débẹ̀, ìdílé kan ti dáná síbi ìjẹun abẹ́ igi, mo sì gbọ́ òórùn ata kí n tó gbọ́ èdè. Ará Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, láti Baltimore. Wọ́n fún wa ní adìẹ yíyan, a fún wọn ní tíì tó kù. Mo sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Ìyá àgbà tó wà láàárín wọn béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa sùn síbí nígbà náà, ṣé ìdajì owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn?" Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹ wá bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn." Ọkọ ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun, oúnjẹ ti ń tutù."

Láti Lewis Mountain sí ẹnu ọ̀nà Swift Run Gap kò ju máìlì mẹ́jọ lọ, sísọ̀ kalẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí a fi dé ibẹ̀, aago mẹ́wàá ti kọjá, mọ́tò tò lọ rẹrẹẹrẹ ní ọ̀nà 33 láti wọlé, àwọn ọmọ ti ń sunkún nínú òmíràn. Àwa ń jáde. Ẹni tí kò bá tíì rẹ̀ lè máa bá ọ̀nà òkè lọ ní tirẹ̀: máìlì 40 ló kù títí dé Rockfish Gap. Bó bá dé ibẹ̀ tí ìrìn náà ṣì ń wù ú, Blue Ridge Parkway bẹ̀rẹ̀ níbi tí Skyline Drive parí sí, máìlì 469 ni títí dé Cherokee ní North Carolina, wọn kì í sì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Kìkì pé ìjì Helene tó jà ní September 2024 ba apá North Carolina rẹ̀ jẹ́ gidigidi. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti ṣí kí ẹ tó gbé mọ́tò.